Ojú Àlejò La Ti Ń Jẹ Gbèsè: Ìtàn Ara Fínfín àti Ilé Ìwẹ̀ Omi Gbígbóná ní Japan

Arìnrìn-àjò tó bá balẹ̀ sí Japan lẹ́yìn tó ti jókòó sínú bàálù ní odindi òru kan kò ní láti rìn jìnnà kí ó tó rí ibi tí yóò ti na ara. Ní pápákọ̀ òfurufú Haneda tó wà ní Tokyo, hòtẹ́ẹ̀lì kan wà tó ṣílẹ̀kùn ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, tó ní ilé ìwẹ̀ omi gbígbóná ní àjà kejìlá. Ní New Chitose, tí í ṣe pápákọ̀ òfurufú tó tóbi jù lọ ní erékùṣù Hokkaido, irú ilé ìwẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé tí àwọn èrò ti ń wọ bàálù gan-an. Onsen ni àwọn ará Japan ń pe omi náà. Láti inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fà á, ẹni tó bá sì ri ara sínú rẹ̀ títí dé ọrùn yóò mọ̀ pé àárẹ̀ ọ̀nà ní oògùn.

Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀pọ̀ ilé ìwẹ̀ ní ilẹ̀ náà: ẹni tó bá ní fínfín lára kò gbọdọ̀ wọlé. Fínfín tí à ń wí ni èyí tí àwọn èwe ìwòyí ń pè ní tátù, àwòrán tàbí àmì tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti tàdáwà kọ sára. Ìkìlọ̀ náà kì í sábà fi ìyàtọ̀ sáàárín orúkọ ọmọ tí ìyá kan kọ sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ àti dírágónì tó gba gbogbo ẹ̀yìn ọkùnrin. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kan, pàápàá àwọn tó wà nítòsí pápákọ̀ òfurufú àti ní ìlú tí àlejò ti ń ya wọ, ti yí ohùn padà. Àwọn kan kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ẹni tó ní fínfín lè wọlé láìbo nǹkan kan. Àwọn mìíràn ní kí ó fi bébà alẹ̀mọ́ra bò ó kí ó tó wọnú omi.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àṣà ìbílẹ̀ ni ìkìlọ̀ yìí, pé láti ayébáyé ni àwọn ará Japan ti ń sá fún ẹni tó fín ara. Ìtàn kò tì wọ́n lẹ́yìn. Ọwọ́ ìjọba ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ìkìlọ̀ náà ń sọ, ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni wọ́n sì kọ ọ́. Ohun tó yani lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé nítorí ojú àlejò ni ìjọba fi fòfin de ara fínfín ní ọdún 1872, nítorí ojú àlejò náà sì ni ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ fi ń ṣí lónìí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń san án. Ìtàn ẹni tó ń san gbèsè náà ló yẹ kí a tọ̀.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yéni, ó yẹ kí a mọ bí wọ́n ti ń wẹ̀ ní onsen. Ilẹ̀ tí òkè oníná pọ̀ sí ni Japan. Iná abẹ́ ilẹ̀ náà ló ń mú omi gbóná kí ó tó tú jáde. Orísun irú omi bẹ́ẹ̀ lé ní 27,000 káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ìlú Beppu nìkan ní ju 2,000 lọ. Òfin tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ ní ọdún 1948 sọ pé omi tó bá gbóná tó ìwọ̀n 25 ti Celsius ní orísun rẹ̀, tàbí tó bá ní èyíkéyìí nínú èròjà 19 tí òfin kà sílẹ̀ ní ìwọ̀n tó yẹ, ni a lè pè ní onsen. Ọkùnrin ń wẹ̀ lọ́tọ̀, obìnrin ń wẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó fẹ́ wọlé yóò bọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀ láìku ọ̀kan, yóò jókòó sórí àpótí kékeré, yóò fi ọṣẹ fọ ara rẹ̀ mọ́ tónítóní, yóò sì ṣan án kí ó tó kan omi àpapọ̀. Aṣọ ìnura pẹlẹbẹ tó mú lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ kan omi náà. Orí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé e lé.

Ní irú ibi báyìí, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ di ọ̀kan náà. Aṣọ ló ń sọ irú ẹni tí ènìyàn jẹ́ níta. Bí aṣọ bá ti bọ́, ó ku awọ ara nìkan tí yóò sọ ọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí fínfín kò fi lè fara pa mọ́ nílé ìwẹ̀, bí ó tilẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ níbi iṣẹ́.

Ara fínfín ti pẹ́ ní Japan ju ìwé ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn kọ lọ. Àwọn akọ̀wé ilẹ̀ Ṣáínà ní ọ̀rúndún kẹta ṣàkọsílẹ̀ pé àwọn ọkùnrin erékùṣù náà, àgbà àti ọmọdé, a máa fín ojú àti ara wọn, àti pé àwọn tó ń rì sínú òkun láti pẹja gbà pé fínfín náà ń lé ẹja ńlá sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi parí Nihon Shoki, ìwé ìtàn àtijọ́ ti ilẹ̀ Japan, ní ọdún 720, ojú mìíràn ni wọ́n fi ń wò ó. Ìwé náà sọ ìtàn ìjòyè kan tó dìtẹ̀, tí ọba dá ẹ̀mí rẹ̀ sí ṣùgbọ́n tó pàṣẹ pé kí wọ́n fín ojú rẹ̀. Ohun tó jẹ́ ààbò lára apẹja ti di ìyà lójú ọlọ́tẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìtumọ̀ méjèèjì ti ń bá ara wọn jìjàkadì.

Ìjàkadì náà gbóná jù lọ ní ìlú Edo, tí a mọ̀ lónìí sí Tokyo. Ní ọdún 1720, lábẹ́ Tokugawa Yoshimune, olórí ogun tó ń ṣàkóso gbogbo Japan lórúkọ ọba, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara fínfín jẹ olè níyà. Ṣáájú àkókò náà, imú tàbí etí ni wọ́n ń gé. Ní báyìí, ìlà dúdú ni wọ́n ń fín yí apá ọ̀daràn ká. Ní àwọn agbègbè kan, iwájú orí ni wọ́n ń fín in sí. Agbègbè kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé aláṣẹ tó bá rí apá ọkùnrin kan yóò mọ ibi tó ti jalè. Àánú ni wọ́n pe èyí, nítorí imú àti etí kò lọ mọ́. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n fín kò rí iṣẹ́ gidi ṣe mọ́, títí ó fi kú.

Ní ọdún 1720 kan náà, Yoshimune yìí kan náà fìdí ohun mìíràn múlẹ̀ ní Edo. Igi àti bébà ni wọ́n fi kọ́ ilé ìlú náà, iná sì ti jó èyí tó ju ìdajì rẹ̀ lọ ní ọdún 1657, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ṣègbé. Wọ́n wá pín àwọn ará ìlú sí ẹgbẹ́ panápaná 47, tí wọ́n fi lẹ́tà èdè wọn sọ lórúkọ. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ gbénàgbénà àti oníṣẹ́ ilé kíkọ́, ni wọ́n ń gun òrùlé lójú iná, tí wọ́n ń wó ilé tó wà níwájú iná kí ó má bàa rí ibi ràn sí. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn panápaná bẹ̀rẹ̀ sí í fín ara. Dírágónì ni ọ̀pọ̀ wọn yàn, nítorí lójú wọn, ẹ̀dá tó ni omi ni dírágónì, ẹni tó bá sì ń bá iná jà ń fẹ́ kí omi wà lẹ́yìn òun.

Báyìí ni ọjà kan náà fi rí ọkùnrin méjì: ọ̀kan tí ìjọba fín apá rẹ̀ kí ìtìjú lè máa bá a gbé, èkejì tó fi owó ara rẹ̀ fín ẹ̀yìn kí ìgboyà lè máa bá a gbé. Àwọn ọ̀daràn kan tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán ńlá bo ìlà tí ìjọba fà sí wọn lára. Ní nǹkan bí ọdún 1827, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Utagawa Kuniyoshi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwòrán àwọn akọni inú Suikoden jáde, ìtàn àròsọ ilẹ̀ Ṣáínà nípa ọlọ̀tẹ̀ 108 tó dojú kọ àwọn aláṣẹ oníwà ìbàjẹ́. Ó fín ara ọ̀pọ̀ nínú wọn láti ọrùn dé itan. Àwòrán náà tà wàràwàrà, àwọn gbénàgbénà, ọlọ́kọ̀ ojú omi àti àwọn tó ń ru ènìyàn lórí àga sì ń béèrè irú rẹ̀ sára tiwọn. Ìjọba Edo gbé òfin jáde láti dá a dúró, ṣùgbọ́n òfin náà kò ràn.

Ẹ̀yà ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí yóò dùn mọ́ ọmọ Yorùbá nínú. Horishi ni wọ́n ń pe oníṣẹ́ ara fínfín ní Japan, láti inú ọ̀rọ̀ náà horu, tó túmọ̀ sí kí a gbẹ́ igi tàbí kí a fín in. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èdè Yorùbá ṣe fi ọ̀rọ̀ kan náà fún ẹni tó ń fín igbá àti ẹni tó ń fín ara. Èdè méjèèjì kò pàdé rí, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi wo iṣẹ́ náà bára mu: iṣẹ́ ọnà ni, awọ ara ni igi rẹ̀.

Àlejò tó yí ọ̀rọ̀ náà padà dé ní ọdún 1853. Matthew Perry, ọ̀gá ọmọ-ogun ojú omi Amẹ́ríkà, kó ọkọ̀ ogun wá sí etí Edo, ó ní kí Japan ṣí èbúté rẹ̀ fún òwò. Ó padà wá ní ọdún 1854, wọ́n sì bá a tọwọ́ bọ ìwé. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn ìrìn-àjò rẹ̀ jáde ní ọdún 1856, àwòrán ilé ìwẹ̀ kan ní ìlú Shimoda wà nínú rẹ̀, níbi tí ọkùnrin àti obìnrin ti ń wẹ̀ pọ̀. Àwọn tó kọ ìròyìn náà fi ìwà àwọn ará Japan gún imú. Àdéhùn tí orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà àti Yúróòpù sì fi ipá bá Japan ṣe nígbà náà sọ pé ará òkè òkun tó bá ṣẹ̀ ní Japan, ilé-ẹjọ́ orílẹ̀-èdè tirẹ̀ ni yóò dájọ́ rẹ̀, nítorí wọn kò ka òfin Japan sí ti ọ̀làjú.

Nígbà tí ìjọba Meiji gorí oyè ní ọdún 1868, ohun tó jẹ ẹ́ lógún jù ni bí yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ àdéhùn yẹn. Ọ̀nà tó rí ni pé kí Japan dà bí orílẹ̀-èdè ọ̀làjú lójú àwọn tó ń wò ó. Ó fi òpin sí fífi ara fínfín jẹ ọ̀daràn níyà. Ní ọdún 1872, ó gbé òfin jáde ní Tokyo tó ka àwọn ìwà tó lè tini lójú sílẹ̀. Nínú òfin kan ṣoṣo náà ni wọ́n ti ka ìhòòhò ní gbangba léèwọ̀, ka kí ọkùnrin àti obìnrin máa wẹ̀ pọ̀ léèwọ̀, tí wọ́n sì ka ara fínfín léèwọ̀. Ilé ìwẹ̀ àti fínfín ti wà nínú ìwé òfin kan náà láti ìgbà náà. Ọmọ Yorùbá tó bá rántí bí àwọn kan ṣe kọ́ àwọn baba ńlá rẹ̀ láti máa tijú nítorí orúkọ, aṣọ àti ilà ojú wọn kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ irú ìtìjú yìí fún un.

Ìyàlẹ́nu tó wà níbẹ̀ ni pé àlejò tí wọ́n ń tijú nítorí rẹ̀ fẹ́ràn ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́ fún un. Bí òfin ti ń lé àwọn horishi kiri láàárín ará ìlú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará òkè òkun ń wá wọn rí ní èbúté bíi Yokohama. Ní ọdún 1881, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Bacchante gúnlẹ̀ sí Japan pẹ̀lú ọmọ-ọmọ Ọbabìnrin Victoria méjì nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì gba fínfín. Àbúrò nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, gba dírágónì sápá. Ọmọkùnrin yìí ló di Ọba George Karùn-ún ní ọdún 1910. Òun ni orí rẹ̀ wà lára ṣílè tí wọ́n ń ná ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, òun ló sì wà lórí ìtẹ́ nígbà tí Lugard so Gúúsù àti Àríwá Nàìjíríà pọ̀ ní ọdún 1914. Àwọn baba tó ń ka ṣílè náà ní ọjà Dùgbẹ̀ kò lè mọ̀ pé ọba tí wọ́n ń wò ní dírágónì Japan lábẹ́ aṣọ oyè. Ní ọdún 1891, ìbátan rẹ̀, Nicholas, àrólé ọba Rọ́ṣíà, gba tirẹ̀ ní Nagasaki.

Ọmọ ọba òkè òkun gba fínfín, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tí òfin náà tẹ̀ mọ́lẹ̀ wà níbòmíràn. Ní Hokkaido, àwọn obìnrin Ainu, tí í ṣe onílẹ̀ erékùṣù náà kí àwọn ará Japan tó kó dé ibẹ̀, a máa fín etí ẹnu àti apá wọn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn a sì parí rẹ̀ kí ọmọbìnrin tó relé ọkọ. Èéfín igi ni tàdáwà wọn. Fún wọn, fínfín ni àmì pé ọmọbìnrin ti dàgbà. Ìjọba kà á léèwọ̀ ní ọdún 1871. Ní erékùṣù Okinawa ní gúúsù, àwọn obìnrin a máa fín ẹ̀yìn ọwọ́ àti ìka wọn. Hajichi ni wọ́n ń pè é. Ìjọba ka ìyẹn náà léèwọ̀ ní ọdún 1899. Àwọn ìyá àgbà tí ọwọ́ wọn jẹ́ ohun ìyangàn lánàá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pa mọ́ níwájú àlejò.

Òfin náà wà fún ọdún 76. Ọdún 1948, nígbà tí ọmọ-ogun Amẹ́ríkà àti àwọn alájọṣe rẹ̀ ṣì ń ṣàkóso Japan lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ni wọ́n tó yọ ara fínfín kúrò nínú ìwé òfin. Ní ọdún 1948 yìí náà ni òfin onsen jáde, ọdún náà sì ni òfin ilé ìwẹ̀ gbogbo ènìyàn jáde. Òfin ilé ìwẹ̀ náà fún onílé ìwẹ̀ láṣẹ láti dá ẹni tó ní àrùn tó lè ràn dúró. Kò sọ̀rọ̀ kan nípa fínfín. Láti ọdún náà, kò sí òfin orílẹ̀-èdè kankan ní Japan tó ní kí ẹni tó fín ara má wẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí a ti fi pa mọ́ fún ọdún 76 kì í jáde síta bó ṣe wọlé. Ní àsìkò tí òfin fi dè é, àwọn tí kò bẹ̀rù òfin ni wọ́n mú un dání jù, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn yakuza sì wà lára wọn. Fínfín tó bo ara pátá ń gba ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń náni lówó, ó sì ń dunni wọra. Ẹni tó bá fara dà á ti fi han ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun kò ní padà sẹ́yìn. Ní àwọn ọdún 1960, sinimá gbé ẹ̀yìn fínfín wọn dé ojú gbogbo ará ìlú. Nígbà tó wá di ọdún 1992, òfin tuntun tó ń gbógun ti àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn onílé ìtajà àti onílé ìtura sì ń wá ọ̀nà láti yẹra fún wọn. Ta ló fẹ́ dúró níwájú ọkùnrin kan kí ó bi í pé, “Ṣé ọ̀daràn ni yín?” Ó rọrùn láti gbé ìkìlọ̀ kọ́ pé a kò gba ẹni tó ní fínfín. Onílé ìwẹ̀ kò pe ẹnikẹ́ni lólè, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ dé etí ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ.

A kò lè dá onílé ìwẹ̀ lẹ́bi tán. Àwọn oníbàárà rẹ̀, tó fi mọ́ àgbàlagbà tó ń wá lójoojúmọ́, ń bẹ̀rù àwọn ọ̀daràn wọ̀nyí ní tòótọ́, ìbẹ̀rù náà sì ní ìdí. Ohun tó burú nínú ìkìlọ̀ náà ni pé ó ń fìyà jẹ ẹni tí kò mọ nǹkan kan, nígbà tí ọ̀daràn tí kò fín ara ń bá gbogbo ènìyàn wẹ̀ ní àlàáfíà.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013 ni àṣìṣe náà tú síta. Obìnrin kan, ọmọ ẹ̀yà Māori láti New Zealand, wá sí Hokkaido fún ìpàdé lórí èdè àwọn onílẹ̀. Ní ilé ìwẹ̀ omi gbígbóná kan, wọ́n dá a padà nítorí fínfín tó wà ní ojú rẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ń sọ ìran tí ènìyàn ti wá. Hokkaido, ilẹ̀ tí wọ́n ti ka fínfín àwọn obìnrin Ainu léèwọ̀ ní ọdún 142 ṣáájú, ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n fún Tokyo ní ìdíje Òlíńpíìkì ti ọdún 2020. Agbẹnusọ àgbà fún ìjọba fèsì sí ọ̀rọ̀ náà, ó ní ó yẹ kí Japan bọ̀wọ̀ fún àṣà àwọn àlejò tí yóò wá.

Àlejò ti padà di ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó. Ọdún 2013 náà ni iye àwọn tó ń wọ Japan lọ́dún kọ́kọ́ kọjá mílíọ̀nù 10. Nígbà tó fi di ọdún 2019, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù 31. Àjọ ìjọba tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́ wádìí ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 2015. Nínú nǹkan bí 600 hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìtura tó dáhùn, ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn kì í gba ẹni tó fín ara, ìdá 31 ní àwọn ń gbà á, ìdá 13 sì ní àwọn ń gbà á bó bá bò ó. Ní ọdún 2016, àjọ náà dá àwọn onílé ìwẹ̀ nímọ̀ràn: kí wọ́n fún àlejò ní bébà alẹ̀mọ́ra, kí wọ́n ya àkókò kan sọ́tọ̀, tàbí kí wọ́n darí rẹ̀ sí ilé ìwẹ̀ àdáni. Ní ọdún 2017, ìjọba fèsì sí ìbéèrè kan ní ilé aṣòfin pé fínfín nìkan kò tó ìdí lábẹ́ òfin ilé ìwẹ̀ láti dá ènìyàn padà. Nígbà tí ìdíje àgbáyé ti bọ́ọ̀lù rugby fẹ́ wáyé ní Japan ní ọdún 2019, àwọn aláṣẹ eré náà kìlọ̀ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù, tí ọ̀pọ̀ wọn wá láti Samoa, Tonga àti New Zealand, pé kí wọ́n máa bo fínfín wọn níbi ìlúwẹ̀ẹ́ àpapọ̀.

Hòtẹ́ẹ̀lì pápákọ̀ òfurufú wà níwájú nínú ìyípadà yìí, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin. Àwọn tó ń sùn níbẹ̀ ń ti ilẹ̀ gbogbo wá. Ilé ìwẹ̀ ìlú kékeré ní àwọn oníbàárà tó ti ń wá láti ogójì ọdún, tí wọn yóò bínú bí wọ́n bá rí ohun tí wọn kò rí rí. Hòtẹ́ẹ̀lì pápákọ̀ kò ní irú wọn. Alẹ́ kan ni àlejò ń lò, ó di ọ̀la kí ó gbọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ dán ọ̀nà náà wò kò gbọdọ̀ fi ojú kan wo gbogbo wọn, nítorí pé òfin ilé kan kò kan ilé kejì. Kí ó béèrè kí ó tó sanwó, kí ó sọ bí fínfín rẹ̀ ti tóbi tó, nítorí bébà alẹ̀mọ́ra kan kì í sábà ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí wọ́n bá sì gbà á láàyè, kí ó fọ ara rẹ̀ mọ́ kí ó tó wọnú omi. Èyí ni àwọn ará ibẹ̀ ń wò kí wọ́n tó wo ohun tó wà lára rẹ̀.

Ibi tí gbèsè wá wà nìyí. Ará Japan tó fín ara kì í ṣe àlejò. Bí àwọn oníṣòwò ti ń wá bébà alẹ̀mọ́ra fún àlejò, ìjọba ń pe iṣẹ́ àwọn horishi ní iṣẹ́ dókítà. Ní ọdún 2015, wọ́n fẹ̀sùn kan oníṣẹ́ ara fínfín kan ní Osaka pé kò ní ìwé ẹ̀rí ìṣègùn. Ilé-ẹjọ́ ní ó jẹ̀bi ní ọdún 2017. Ilé-ẹjọ́ gíga dá a láre ní ọdún 2018. Ó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 kí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ara fínfín kì í ṣe iṣẹ́ ìṣègùn. Ọdún márùn-ún ni ó fi gbé ẹjọ́ kiri nítorí iṣẹ́ tí ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì gbà sára ní ọdún 1881. Ní ti àwọn Ainu, ọdún 2019 ni òfin Japan tó pè wọ́n ní onílẹ̀. Àwọn ìyá tó fín ẹnu ti kú tán kí ìgbà yẹn tó dé.

Nàìjíríà náà ti ṣòfin lórí awọ ara. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fín ọmọdé tàbí kọlà fún un. Ìdí tó gbe òfin náà lẹ́sẹ̀ dára: ọmọ ọwọ́ kò lè sọ bóyá òun fẹ́, abẹ olóòlà sì lè kó àrùn ràn án. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀, èyí tí Japan kò yà sọ́tọ̀ ní ọdún 1872. A lè dáwọ́ ilà kíkọ dúró láìsọ ẹni tó ti kọlà di ohun ìtìjú. Àgbàlagbà tó kọ àbàjà tàbí gọ̀ǹbọ́, tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkọ̀ èrò, kò yan ilà náà fúnra rẹ̀. Àwọn tó bí i ni wọ́n fi ìfẹ́ kọ ọ́ fún un, kí ó má bàa sọnù láyé.

Àmì kan kì í sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Apẹja rí ààbò nínú rẹ̀, adájọ́ rí ìyà, panápaná rí ìgboyà, ọmọ ọba rí ohun ìrántí ìrìn-àjò, onílé ìwẹ̀ rí ọ̀daràn. Tàdáwà kan náà ni, abẹ́rẹ́ kan náà ni. Bí ìjọba kan bá wá jókòó láti pinnu ohun tí yóò jẹ́ ìtìjú lára àwọn ènìyàn rẹ̀ nítorí àlejò tí ń bọ̀, ó yẹ kí ó rántí pé àlejò yóò padà lọ sílé. Àwọn tí yóò kù nílé, tí wọn yóò máa wá ibi tí wọn yóò ti wẹ̀, ni ọmọ rẹ̀.